Èmi Kọ́ Ni Onídùúró

Sí Ọ̀gbẹ́ni Túnjí Bello, Ọ̀gá Àgbà àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà, Abuja

 

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, aago méje kò tíì lù tí fóònù mi fi dún. Mo rò pé àwọn ẹgbẹ́ wa ni, torí òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n máa ń fi àdúrà ránṣẹ́. Kì í ṣe àdúrà. Àwòrán ọmọbìnrin kan ni. Wọ́n fi ìlà pupa yí ojú rẹ̀ ká, wọ́n sì kọ OLÈ sí i láyà gàdàgbà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ yìí kó owó ilé-iṣẹ́ kan sá lọ, pé ọlọ́pàá ń wá a, pé èmi wà lára àwọn tó fi sílẹ̀ pé kí wọ́n mú bí òun kò bá san án, àti pé bí n kò bá fẹ́ wàhálà, kí n tètè lọ bá a sọ̀rọ̀.

Mo wo àwòrán náà títí. Onídìrí mi ni.

Ọmọ yìí ti ń dirun fún mi láti bí ọdún mẹ́fà, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ọjà, níbí ní Ìbàdàn. Nọ́ńbà mi wà lórí fóònù rẹ̀ torí pé mo máa ń pè é kí n tó jáde nílé, kí n má baà lọ jókòó de èèyàn mẹ́ta. Ohun tó pa wá pọ̀ kò ju ìyẹn lọ. N kò mọ iye tó ń pa lóṣù. N kò bá a tọrọ owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sígbà kan tí ẹnì kan pè mí pé, "Mà, ṣé ẹ ó dúró fún un?" tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó mọ́ tán, ẹni tí n kò fojú rí rí ti sọ mí di onídùúró.

Ẹ ti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó yá owó, ó ṣeé ṣe kó ti sú yín. Ẹjọ́ tiwa ni mo gbé wá, àwa tí a kò yá kọ́bọ̀, tí wọ́n ń fi ìbàjẹ́ ẹlòmíràn jí lójú oorun.

Onídùúró kì í ṣe nǹkan àwàdà nílẹ̀ wa. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń dúró. Wọ́n á ránṣẹ́ pè é, á wá, á jókòó, á gbọ́ iye owó, á gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n dá, á sì sọ lójú gbogbo èèyàn pé bí lágbájá kò bá san án, kí wọ́n wá bá òun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa tètè yá ọ lówó ju kó dúró fún ọ lọ, torí wọ́n mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí èèyàn ṣe wá ń di onídùúró láìgbọ́ láìmọ̀, nítorí pé orúkọ rẹ̀ wà lórí fóònù ẹni tó ń dirun fún un, mo fẹ́ kí ẹnì kan là á yé mi.

Ẹ má rò pé alágbàwí onígbèsè ni mí o. Ọmọ òṣómàáló ni mí.

Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi. Aṣọ ló ń tà láwìn káàkiri abúlé, orí kẹ̀kẹ́ ló sì ń dì í sí. Yóò já aṣọ fún àgbẹ̀ nígbà tí kòkó kò tíì pọ́n, yóò kọ orúkọ àti iye rẹ̀ sínú ìwé kan tó fi okùn so mọ́ra, yóò sì padà wá nígbà tí wọ́n bá ta kòkó. Ẹni tó bá ń sọ pé ó di ọ̀la, ó di ọ̀tunla, bàbá mi á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò ní gba àga, kò ní gba omi. Òṣó ni òun máa ló títí òun á fi gbowó òun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ wọ́n ní òṣómàáló. Bí oòrùn bá ta, yóò wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń jẹun alẹ́, yóò máa wo ọwọ́ wọn bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Owó ilé-ìwé mi, ìlóṣòó ni wọ́n fi gbà á. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé kí a máa rọra bá onígbèsè lò bí ẹyin, èmi kọ́ ni yóò kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó jẹ gbèsè, kó san án. A kì í fi gbèsè sọ́rùn ṣọ̀ṣọ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo fojú mi rí. Mo ń bá bàbá mi lọ nígbà kan tí a gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Abúlé kan wà tí onígbèsè kan ti jẹ owó aṣọ méjì níbẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Bí a ṣe ń wọ abúlé náà, a pàdé àna ọkùnrin yìí lójú ọ̀nà, àgbàlagbà tó mọ bàbá mi dáadáa. Ó kí wa, ó sì béèrè ohun tó gbé wa wá. Bàbá mi ní, "Ọmọ yín ni mo fẹ́ yà kí." Ó tán. Nígbà tí a dé ilé ọkùnrin náà, bàbá mi lóṣòó, ó sì gba ìdajì owó rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lójú ọ̀nà ilé ni mo ti bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ fún àna rẹ̀, kí ìyẹn lè bá a fìyà jẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tí mo bá sọ ọ́ fún àna rẹ̀, kí ló tún kù tí yóò máa bẹ̀rù? Ẹni tí ojú ti tì tán kì í san gbèsè."

Oníṣòwò ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe pásítọ̀. Ojú tí onígbèsè ń bẹ̀rù kó má ti òun, dúkìá ni lójú bàbá mi. Ẹni tó bá ná an tán lọ́jọ́ kan, kò tún ní nǹkan tí yóò fi gbowó mọ́.

N kò sọ pé ayé àtijọ́ funfun nini. Ṣáájú àwọn òṣómàáló, àwọn ológò wà. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921. Olówó á ránṣẹ́ sí ológò pé kó lọ dógò ti onígbèsè. Ológò á wọ agbo ilé, á máa bú tọmọdé tàgbà, á ní kí wọ́n wá oúnjẹ fún òun, á mú adìẹ tí kì í ṣe ti onígbèsè, títí ìdààmú á fi jẹ́ kí gbogbo ilé pawọ́ pọ̀ lé onígbèsè lọ síbi owó. Ẹ wò ó dáadáa, ológò ló padà dé yìí. Fóònù ló gbé dání. Agbo ilé tó ń wọ̀ kò sì lódi: ìyá onígbèsè wà níbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ wà níbẹ̀, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ẹni tó ń ta gáàsì fún un, èmi tó ń dirun fún, gbogbo wa la wà nínú ilé kan náà láìmọ ara wa. Kódà ológò ayé ìjọ́sí ní ojú. Bó bá mú adìẹ rẹ, o mọ ẹni tó mú un.

Mo lọ bá ọmọ náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá a, níbi tó jókòó sí pẹ̀lú fóònù tó ti pa. Ó rò pé mo wá bínú ni. Nígbà tó rí i pé n kò bínú, ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́.

Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló bàjẹ́ nígbà tí ọdún ku ọ̀sẹ̀ méjì, àsìkò tí onídìrí ń pa owó jù lọ. Ó yá ₦20,000 lórí áàpù kan. ₦14,000 ló wọlé sí àkáǹtì rẹ̀, wọ́n ti yọ tiwọn sílẹ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ keje, ₦20,000 ni wọ́n fẹ́ gbà padà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ₦6,000 lórí ₦14,000, láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré. Ó ju ogójì náírà lọ lórí ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ti lórúkọ fún irú owó bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ṣogúndogójì ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ keje pé, owó kò pé. Áàpù kejì sọ pé òun á yá a, ó sì fi ti kejì san ti àkọ́kọ́. Nígbà tí oṣù méjì fi máa pé, áàpù márùn-ún ló ń bá a jẹun nínú àwo kan.

Àwọn obìnrin ọjà mọ gbómúléláńtà, ẹgbẹ́ ayánilówó tí à ń san owó wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọn kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ká obìnrin mọ́ ìdí àtẹ rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ń wá fúnra wọn, ìwé wà lọ́wọ́ wọn, àwọn tó sì dúró fún obìnrin náà jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ tó gba owó. Èyí tí mo ń sọ yìí kò lójú, kò nímú, kò ní ilé tí a lè lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀.

Mo pe nọ́ńbà tó fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi. Mo ti kó èébú jọ sẹ́nu. Ọmọkùnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún méjìlélógún lọ. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn wà nínú gbọ̀ngàn tí ọ̀pọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ fi ń halẹ̀. Nígbà tí mo bá a sọ Yorùbá, ohùn rẹ̀ yí padà. "Mọ́mì, ẹ má bínú," ó ní, "iṣẹ́ ni mò ń ṣe o. Iye kan wà tí mo gbọ́dọ̀ gbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí n kò bá gbà á, wọ́n á lé mi." Mo bi í léèrè orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Mo bi í léèrè bóyá yóò fẹ́ kí wọ́n fi irú àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí ìyá òun. Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó pa fóònù. Ní ìrọ̀lẹ́, nọ́ńbà mìíràn fi àwòrán kan náà ránṣẹ́ sí mi. Òmíràn tún pè, ó ní ọlọ́pàá ni òun, kò sì sọ àgọ́ tó ti wá.

Ọ̀gá wa, òfin kò wọ́n wa. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, àmọ́ lẹ́tà yìí ṣí sílẹ̀, ẹlòmíràn ń kà á, ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí díẹ̀. Òfin tó dá àjọ yín sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2018, sọ nínú abala 124 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ipá, ìhàlẹ̀ tàbí ìyọlẹ́nu gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 dáàbò bo àṣírí èèyàn, ó sì dárúkọ ọ̀rọ̀ orí fóònù níbẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni jáde ní 2023. Ní ti ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọlọ́pàá, kó lọ ka abala 32 nínú òfin ọlọ́pàá ti 2020: wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí pé ó ṣẹ̀ sí àdéhùn lásán. Bí ẹni tó jẹ gbèsè gan-an kò bá ṣeé tì mọ́lé nítorí gbèsè, kí ni wọ́n fẹ́ fi mú èmi?

Ẹ̀yin fúnra yín ti ṣe akọ̀ròyìn rí. Ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ tí a bá tẹ̀ jáde lè fi orúkọ èèyàn ṣe. Akọ̀ròyìn tó bá kọ OLÈ sáyà ẹni tí ilé ẹjọ́ kò dá lẹ́bi, á mọ ọ̀nà ilé ẹjọ́ láìpẹ́. Kí ló dé tí ayánilówó fi lè kọ ọ́ sórí fóònù ọgọ́rùn-ún èèyàn kó sì lọ sùn?

Mo mọ̀ pé ẹ kò káwọ́ gbera. Ní 2021, àjọ NITDA tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ bu owó ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé Sokoloan, ọ̀kan nínú àwọn áàpù tó ń yáni lówó, nítorí ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn èèyàn. Ní oṣù Kẹta 2022, àjọ yín àti àwọn àjọ ìjọba mìíràn ya wọ ilé-iṣẹ́ irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹjà, ìlànà ìforúkọsílẹ̀ sì tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà. Google náà fi òfin dè é láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2023 pé áàpù tó ń yáni lówó kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà tàbí àwòrán tó wà lórí fóònù oníbàárà mọ́. Ní oṣù Keje 2025, lásìkò tiyín, ìlànà tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìtanràn tó wà nínú rẹ̀ lè tó ₦100 mílíọ̀nù tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún, wọ́n sì lè lé olùdarí rẹ̀ kúrò nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún.

Gbogbo rẹ̀ dára. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́: orúkọ áàpù ni ìjà yìí ń bá jà. Áàpù kú lálẹ́ òní, ó jí láàárọ̀ ọ̀la pẹ̀lú orúkọ mìíràn àti àwọ̀ mìíràn. Bí Google bá ti ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n á fi línkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé tẹ ibí, gba owó. Kò sí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ìkẹta nínú áàpù márùn-ún tó yá onídìrí mi lówó, ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló gbà wọlé.

Ohun kan wà tí kì í kú lálẹ́ jí láàárọ̀. Àkáǹtì tí wọ́n ní kí onígbèsè san owó sí ni. Ọmọ yìí fi hàn mí. Orúkọ áàpù yàtọ̀ síra, orúkọ tó yọ nígbà tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà fún méjì nínú wọn. Kò sẹ́ni tó lè ṣí àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ní báǹkì Nàìjíríà láìmú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ báǹkì (BVN) ẹnì kan wá. Owó ni wọ́n ń wá, wọn kò lè fi ojú owó pamọ́. Ní 2022, àjọ yín pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń gba ọwọ́ wọn kọjá, àti àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, pé kí wọ́n jáwọ́ nínú bíbá àwọn tí ẹ ń wádìí ṣiṣẹ́. Ibi tó dùn wọ́n jù nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Bí mo bá mú ẹ̀sùn wá, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́ "Àkáǹtì wo?" kó tó kan "Áàpù wo?" Nígbà tí ẹ bá sì rí ẹni tó ni àkáǹtì náà, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ jáde, orúkọ èèyàn ẹlẹ́ran ara. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka kò tíì di ìnagijẹ tí à ń pààrọ̀.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn ayánilówó ń sọ. Wọ́n ní àwọn onígbèsè ń gba owó, wọ́n á ju sim káàdì nù, wọ́n á sá. Òótọ́ ni. Bàbá mi kú pẹ̀lú ojú ewé mẹ́rin nínú ìwé rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó san án. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà nílẹ̀ fún olówó tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí wà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, kí ẹni tí kò bá san má lè rí owó yá níbòmíràn. Láti 2020, báǹkì àgbà ti fún àwọn báǹkì láṣẹ láti yọ owó tí èèyàn jẹ wọ́n nínú àkáǹtì rẹ̀ tó wà ní báǹkì mìíràn. Ní Èkó, ilé ẹjọ́ gbèsè kéékèèké ti wà láti 2018 fún owó tí kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ, oṣù méjì ni wọ́n sì ní lọ́kàn láti parí ẹjọ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ gba ọ̀kankan nínú ọ̀nà wọ̀nyí, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀. Èmi rò pé mo mọ̀ ọ́n. Adájọ́ á béèrè pé, "Ẹ̀lóò lẹ yá a?" Òun á ní ₦20,000. Ọmọ náà á gbé fóònù sókè, ₦14,000 á sì yọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ gba ẹ̀sùn àwa tí a kò yá owó. Ẹni tó yá owó kì í fẹ́ jáde sọ̀rọ̀, ojú ń tì í, ó sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á bi òun léèrè owó. Ikú yá ju ẹ̀sín, Yorùbá ló wí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ni yóò sì kúkú ru ìyà rẹ̀ mọ́ra. Ojú kò ti èmi. N kò jẹ ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà mi, èmi ni mo ni ín, onídìrí kò lè fi tọrọ, ayánilówó kò sì lè fi ṣòwò láìgba àṣẹ lẹ́nu mi. Tí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá gba àwòrán kan, ọgọ́rùn-ún olùpẹjọ́ ni kó jẹ́, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́rìí. Kí ìtanràn sì máa tẹ̀ lé iye wa. Ká wo bí yóò ti rọrùn fún wọn tó láti tún fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún mìíràn.

Ẹ bá wa fi Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti Pijin sọ ọ́ lórí rédíò, láàárọ̀, nígbà tí àwọn ọlọ́jà ń to àtẹ. Kí ìyá tó ń ta ata mọ̀ pé àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun kò sọ òun di onídùúró ẹnikẹ́ni, àti pé kò sí ọlọ́pàá tó lè mú òun nítorí gbèsè ọmọ àdúgbò. Abala 114 nínú òfin yín kan náà sọ pé èdè tó yéni ni kí wọ́n máa fi bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀bẹ̀, kí àwa náà jẹ nínú rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ bá mi ka lẹ́tà yìí, tí ẹ kì í ṣe ọ̀gá níbì kankan. Àwòrán ọmọ yẹn dé orí WhatsApp ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ayánilówó kọ́ ló gbé e débẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn akọrin náà ló gbà á, tó sì gbé e síbẹ̀ pé, "Ṣé kì í ṣe sísítà wa nìyí?" Àwọn mìíràn fi ẹ̀rín sí i. Ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ológò kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí agbo ilé kò bá ràn án lọ́wọ́. Bí irú rẹ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ má sì tíì pa á rẹ́. Ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́ àti ọjọ́ tó dé. Lẹ́yìn náà kí ẹ pe ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí ẹ bi í pé ṣé ó ti jẹun.

Bàbá mi sì jàre. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí mi wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn àwòrán yẹn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tó gba àwòrán náà kò padà wá, òun náà kò lè wo ojú wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò pa kọ́bọ̀, ìgbà náà gan-an ni wọ́n ní kó mú owó wá, tí èlé sì ń gorí èlé lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ta ọ̀kadà kó tó rí owó tó wọlé fún un gan-an san padà.

Ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù mìíràn báyìí ní òdìkejì ìlú, ibi tí wọn kò mọ̀ ọ́n sí. Mo ń wọ ọkọ̀ méjì lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ fún un ní nọ́ńbà mi tuntun lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo ń retí kó mú fóònù jáde. Kò mú un jáde. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ tí kóòmù wà, ó mú ìwé kékeré kan tó fi rọ́bà dì, ó kọ orúkọ mi àti nọ́ńbà mi sí i pẹ̀lú bírò, ó dì í padà, ó sì ti dúrọ́ọ̀ náà. Kò sí orúkọ oníbàárà kankan lórí fóònù rẹ̀ mọ́.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ òṣómàáló kan, Ìbàdàn.